Ilé-ìwé wọn ọmọ mi, wọ́n ní ó sanra jù: ṣé òótọ́ ni pé yóò bá a dàgbà?

Ìyá Tómi, Iléṣà (ẹni tó béèrè):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni kan tí ọmọ mi obìnrin ń lọ ní ìlú yìí ṣe ọjọ́ ìlera lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ bọ́ bàtà, wọ́n wo bí wọ́n ṣe tẹ̀wọ̀n tó àti bí wọ́n ṣe ga tó, wọ́n sì fi ìwé rán ọmọ kọ̀ọ̀kan sí òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni tèmi. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni pé ó sanra ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí àti gíga rẹ̀ lọ, pé kí n mú un lọ rí dókítà, nítorí pé irú ìsanra bẹ́ẹ̀ a máa bá ọmọ dé àgbà, a sì máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ọmọ náà ti tú ìwé kí ó tó délé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti bá a kà á. Láti ìgbà náà, kì í fẹ́ jẹun níwájú wa mọ́. Ìyá ọkọ mi ní àrankàn ni, pé ojú ti ń wọ ọmọ òun. Ìbéèrè mi kò ju méjì lọ: ṣé ó tọ́ kí ilé-ìwé wọn ọmọ láìbéèrè lọ́wọ́ òbí, àti pé ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ pé yóò bá a dàgbà?

Ọmọ Òṣómàáló:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Tómi. Ẹ má dá àwọn onílé-ìwé wọ̀nyí lóhùn rárá. Kí wọ́n gba owó ilé-ìwé, kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kí wọ́n sì fi ikùn ọmọ sílẹ̀ fún ìyá tó bí i. Nígbà tí àwa wà ní kékeré, bí ọmọ kò bá lẹ́ran lára, àwọn aládùúgbò ni yóò máa bi ìyá rẹ̀ bóyá kò rí oúnjẹ fún un. Bí ọmọ bá sì sanra ní kékeré, bó bá ti ń ga ni ọ̀rá náà yóò máa lọ. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Lágeèrè:
Èmi tí mo ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ ilé-ìwé lójoojúmọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, mo ti rí ohun tí ìwé náà ń sọ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ọmọ mẹ́rin ni mo máa ń kó sẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, bí mẹ́ta bá ti jókòó, ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ wá bá mi níwájú. Kí àwọn òbí jọ̀wọ́ fi nǹkan kún owó epo.

Ìyá Tómi:
Dẹ́rẹ́bà, inú kẹ̀kẹ́ irú tiyín náà ni wọ́n ti fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́:
Ìyá Tómi, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí pé òun ni mo mọ̀. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọ́ tán. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé ewu kí ọmọ tó sanra jù di àgbàlagbà tó sanra jù tó ìlọ́po márùn-ún ti ọmọ tí kò sanra. Nínú àwọn ọ̀dọ́langba tó sanra jù, bíi 80 nínú 100 ni kò tí ì bọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rá tó bá pọ̀ jù nínú ikùn àti nínú ẹ̀dọ̀ kì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí ínsúlínì, ìyẹn èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu mọ́. Ara á wá máa pèsè púpọ̀ sí i títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì máa le díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yóò ti lo ju ogún ọdún lọ nínú rẹ̀ nígbà tó bá fi pé ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí ẹni tó sanra lẹ́yìn ìgbéyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un lọ rí dókítà, ẹ yọ mínírà kúrò nínú báàgì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣeré, kí òkèlè alẹ́ rẹ̀ má sì tóbi ju ti ẹni tó lọ sóko lọ. Ẹ má fi ebi pa á, nítorí ó ṣì ń dàgbà.

Ọmọ Òṣómàáló (sí Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́):
Mo rí i pé ẹ ti dé orí òkèlè. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni mí, iyán ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, iyán ni bàbá mi jẹ, iyán náà sì ni bàbá rẹ̀ jẹ tó fi gbé aṣọ ká ilẹ̀ Yorùbá títí dé òkè Ọya, tó ń lóṣòó ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ta ni ó ní àtọ̀gbẹ nínú wọn? Ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ebi Ń Pa Ìlú:
Ẹ jọ̀wọ́, orílẹ̀-èdè wo ni ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìlera àwọn ìdílé ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 sọ pé nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ nítorí àìjẹunrekánú, nígbà tí àwọn tó sanra jù kò ju 2 lọ. Ebi ni ìṣòro wa. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ fún òṣùwọ̀n, ẹ gbé e lọ sí ibi tí ọmọ ti ń mu ẹ̀kọ lásán láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé:
Ẹni tó bá ní wọn kò gbọdọ̀ wọn ọmọ kò mọ ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fi àmì bó ṣe tẹ̀wọ̀n sí orí káàdì kan tí ìlà méjì wà lára rẹ̀, tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé. Bí àmì náà bá ń gòkè láàárín ìlà méjèèjì, ara ọmọ le. Bí ó bá dúró lójú kan, wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ kí ojú lásán tó rí i. Káàdì yẹn ti ibẹ̀ lọ káàkiri ayé. Ìyá tó bá ṣì ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó ṣí i wò, yóò rí ìlà tó tẹ̀ gòkè bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà náà, tínrín ni wọ́n ń fi ṣọ́. Ìlà kan náà ni a ó fi mọ̀ bí ọmọ bá ń gba òkè kọjá.

Ìyá Àgbà Ẹnuwá:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi ni ó ń ka ohun tí ẹ kọ sí mi létí, òun náà ni ó sì ń bá mi kọ èyí. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ nìkan ni mo fẹ́ dá sí. Ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan. Bí ọmọ ọmọ mi bá wá kí mi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, màá fún un ní bísíkíìtì àti móòtì tútù, nọ́ọ̀sì kankan kò sì lè wá ká mi lọ́wọ́ kò nínú ilé mi ní Ẹnuwá. Bí ó bá dé ilé wọn, kí ìyá rẹ̀ fún un ní ewébẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Ifẹ̀ (sí Ọmọ Òṣómàáló):
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Bàbá bàbá yín fi ẹsẹ̀ rin ìrìn tí èmi àti ẹ̀yin kò lè fi ọkọ̀ rìn láìráhùn, ó sì jẹ́ kí iyán náà ríṣẹ́ ṣe nínú ara. Ọmọ tó jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́ kò ní ibi tí yóò ná an sí. Ẹ tún béèrè pé ta ni ó ní àtọ̀gbẹ nínú wọn. Ta ni ó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn? Nínú àwọn tí egbò ẹsẹ̀ wọn kò jinná títí wọ́n fi kú, tí wọ́n ní ayé ni ó ṣe wọ́n, mélòó ni ẹ lè búra pé kì í ṣe àtọ̀gbẹ ni ó pa wọ́n?

Ọmọ Òṣómàáló:
Àbúrò, mo ti ń retí ìgbà tí ọmọ Ifẹ̀ yóò dá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gàrí gba dìgírì ni ẹ óò wá kọ́ Ìjẹ̀ṣà bí wọ́n ṣe ń jẹ iyán?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Ifẹ̀:
Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́ ní Ifẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìbòkun ni mí. Odó iyán tó wà nílé bàbá mi dàgbà jù mí lọ.

Dẹ́rẹ́bà Lágeèrè:
Ìjẹ̀ṣà méjì ti pàdé lórí odó kan. Kí ẹni tó ní ọbẹ̀ tètè gbé e pamọ́.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin:
Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ilé-Ifẹ̀, n kò sì ní sọ orúkọ rẹ̀. Kí ẹ tó pín oúnjẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí sí méjì, ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ wọn ṣe. Ilé alájà méjì lórí púlọ́ọ̀tì kan ni ilé-ìwé wa, ibi tó yẹ kó jẹ́ pápá ni bọ́ọ̀sì ilé-ìwé máa ń dúró sí. Aago méje ààbọ̀ ni ọmọ ti wọlé. Aago méjì ni aago ìparí ń lù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lọ sílé, nítorí pé ẹ̀kọ́ àṣekún bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ààbọ̀, ó di aago mẹ́rin. Láàárín gbogbo ìyẹn, ìsinmi ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ni wọ́n ní, inú rẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣí kúlà oúnjẹ. Èmi ni mo máa ń bá àwọn kéékèèké ṣí tiwọn, nítorí náà mo mọ ohun tó ń wà nínú rẹ̀: Indomie tó ti mu gbogbo omi rẹ̀ tó sì ti wú dé ìdérí, sọ́séèjì kan lórí rẹ̀, mínírà oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bísíkíìtì nínú àpò báàgì. Bí ọmọ bá fẹ́ sáré, a ó ní kí ó jókòó kí ó má baà fi orí gbá ògiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ṣe eré tó ń mú èémí yára. Ilé-ìwé tí kò fún ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sáré ni ó wá ń kọ̀wé sí òbí pé ọmọ sanra.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Manchester:
Olùkọ́, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ó ti tó bí ogún ọdún tí ìjọba ti ń wọn àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá wọlé ní ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àti nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde ní ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ̀wé sí òbí, òbí tí kò bá fẹ́ sì lè kọ̀. Síbẹ̀, ariwo kì í tán lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni ibi tí àwọn ọmọ tó sanra jù pọ̀ sí. Iye wọn ní àdúgbò àwọn tálákà ju ìlọ́po méjì iye wọn ní àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀ lọ. Nílé, ọmọ tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé lọ sí ilé-ìwé aládàáni ni a mọ̀ mọ́ ìsanra. Níbí, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ òru ni, tó jẹ́ pé oúnjẹ dídín ni ó wà ní owó pọ́ọ́kú nítòsí ilé rẹ̀. Nígbà kan rí, ọlọ́rọ̀ náà ni a mọ̀ mọ́ ikùn níbí. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, àwọn tálákà ni ó wá jókòó tì.

Ebi Ń Pa Ìlú:
N óò tún un sọ, bóyá ẹ kò rí i. EBI NI ÌṢÒRO WA. Ọmọ 37 nínú 100. Ọmọ 2 nínú 100. Kí ẹni tó mọ ìṣirò sọ fún wa èwo ni ó pọ̀ jù. Ẹ fi Manchester sílẹ̀ ní Manchester.

Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́ (sí Ebi Ń Pa Ìlú):
Ẹ ka ìwádìí yẹn síwájú sí i. Nínú ìwádìí 2018 kan náà, obìnrin 28 nínú 100 láàárín ọdún 15 sí 49 ni wọ́n tẹ̀wọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ilé kan náà ni ebi àti ìsanrajù ń gbé. Ní ọdún 2010, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Enugu lórí àwọn tó lé ní 1,300, àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ogun abẹ́lé, àwọn tí wọ́n bí sínú ebi ogun náà, àti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí sínú ebi náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru jù, àwọn ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga jù, àwọn náà ni wọ́n sì tẹ̀wọ̀n jù nígbà tí wọ́n fi ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ara tí ebi ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ láti inú oyún kì í fi ohunkóhun ṣòfò, gbogbo ohun tó bá rí ni ó ń fi pamọ́. Ọmọ tí ebi sọ di kúkúrú ní ọmọ ọdún méjì, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu mínírà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹrù méjì ni ó rù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń jà fún àwọn 37 wọ̀nyẹn, ẹ ń jà nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Tómi náà.

Ebi Ń Pa Ìlú:
Ẹ ṣé tí ẹ bá mi wí i. Ebi náà ni. Bí àwọn obìnrin tó tẹ̀wọ̀n jù bá jẹ́ 28, tí àwọn ọmọdé sì jẹ́ 2 péré, a jẹ́ pé àgbà ni wọ́n ti sanra. Kí ni wọ́n wá ń wọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Ifẹ̀:
Ẹ kò jìnnà sí òótọ́ níbẹ̀. Ìwádìí 2016 tí Nọ́ọ̀sì mẹ́nu kàn sọ pé bíi 70 nínú 100 àgbàlagbà tó sanra jù ni kò sanra jù ní kékeré. Ẹni tó bá gbájú mọ́ ọmọ tó sanra nìkan yóò pàdánù ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí àìsàn yóò mú lọ́la. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ti kékeré kò ní ewu. Ní Bogalusa, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìlera àwọn ọmọ dúdú àti funfun láti ọdún 1973. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn kú ikú ìjàǹbá ní ọ̀dọ́, tí wọ́n yẹ òkú wọn wò, wọ́n rí ìlà ọ̀rá lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn, títí kan èyí tó ń bọ́ ọkàn. Bí ìwọ̀n ara, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn bá ṣe ga tó nígbà tí wọ́n wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni ìlà náà ṣe pọ̀ tó.

Ọmọ Òṣómàáló:
Wọn kì í jẹ iyán ní Amẹ́ríkà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Ifẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó pe iyán ní májèlé nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ fi ìlà kan hàn mí. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń pe iyán, láti ìgbà tí Nọ́ọ̀sì ti kọ "òkèlè".

Ọmọ Òṣómàáló:
Òkèlè wo ni ó tún kù ní Iléṣà lẹ́yìn iyán? Bí ó bá jẹ́ láfún ni ó ní lọ́kàn, ì bá ti dárúkọ rẹ̀.

Ìyá Eléèsì, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà:
Mo rí i pé ẹ ti dárúkọ mínírà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, mínírà sì ni mo ń tà. Ìjọba ti ba tiwa jẹ́ tó. Láti inú òfin ìnáwó ọdún 2021 ni wọ́n ti gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan nítorí ìlera yín, síbẹ̀ ẹ tún ń lé oníbàárà mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Ifẹ̀:
Ìyá mi, náírà 10 lórí lítà kan jẹ́ náírà 5 lórí ike ìlàjì lítà. Ta ni yóò tìtorí náírà 5 fi mínírà sílẹ̀? Ẹ bá mi yí ike kan nínú fíríìjì yín, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 ṣúgà fún 100 mílílítà, gíráàmù 50 ni ó wà nínú ike ìlàjì lítà, ó sì tó síbí tíì méjìlá. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá fún odidi ọjọ́ kan nìyẹn, ọmọdé sì ń mu ún tán kí aago ìsinmi tó lù.

Dẹ́rẹ́bà Lágeèrè:
Kí ni a ń fi náírà 5 rà ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà? Bí mo bá fún alágbe ní náírà 5, yóò bi mí bóyá mo gbàgbé èyí tó kù sápò ni.

Ìyá Eléèsì, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà:
Omi tútù náà wà lọ́dọ̀ mi. Kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ fún ọmọ.

Ìyá Tómi:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará mi. Kò sí ẹni tó tí ì dáhùn ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda òbí tí mo béèrè. Ṣé kí n lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ni, àbí kí n panu mọ́?

Apòògùn Sábó:
Mi ò ka gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹnì kan kọ pé ọlọ́rọ̀ ni ó ń sanra nílé. Bí ọlọ́rọ̀ bá ṣe é tán, tálákà ni yóò sanwó rẹ̀. Nínú ilé oògùn mi ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀, àwọn tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe arúgbó nìkan mọ́. Àwọn tí wọn kò tí ì pé ogójì ọdún ń wá. Òṣìṣẹ́ báńkì yóò ra ti oṣù kan, yóò gba rìsíìtì. Oníkẹ̀kẹ́ yóò ní kí n gé mẹ́ta fún òun nínú káàdì, pé bí òun bá ríṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta òun yóò padà wá, nígbà mìíràn kò sì ní padà títí ọ̀sẹ̀ méjì. Oògùn kan náà, àìsàn kan náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ta ni àrùn rọpárọsẹ̀ yóò kọ́kọ́ yà? Ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí à ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà ni ó ń ti àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ tó sanra ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa ra káàdì oògùn náà fún un ní ọgbọ̀n ọdún sí i.

Dẹ́rẹ́bà Lágeèrè:
Apòògùn, ẹ̀yin ni mo ń ra oògùn lọ́wọ́ yín. Ẹ kò gbọdọ̀ tú àṣírí mi síta báyìí.

Apòògùn Sábó:
N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé ibí yìí, ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé (sí Ìyá Tómi):
Ní Ìmẹ̀sí, ọwọ́ ìyá ni káàdì máa ń wà, ìyá ni ó sì ń gbé ọmọ lọ fún wíwọ̀n. Ibi tí ilé-ìwé yín ti ṣìṣe nìyẹn. Kì í ṣe wíwọ̀n ni ó burú. Ọmọ ni wọ́n fi ìwé rán, wọn kò sì pe òbí jókòó.

Ọmọ Òṣómàáló:
Wọ́n wọ̀n yín ní Ìmẹ̀sí nítorí pé ẹ tínrín. Ẹni tí kò tínrín, kí ni wọ́n ń wá lára rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Ifẹ̀ (sí Ọmọ Òṣómàáló):
Ohun tí wọ́n ń wá ni àkókò. Ní ọdún 2011, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn 6,328 ní Amẹ́ríkà, Finland àti Australia, tí wọ́n ti ń tẹ̀lé láti kékeré fún bí ọdún 23. Àwọn tó sanra jù ní kékeré tí wọ́n sì sanra jù lágbà ni àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti líle iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó sanra ní kékeré tí wọ́n bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà, ewu wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò sanra rí. Ọmọ Ìyá Tómi lè bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ọdún mẹ́sàn-án kò pẹ́ jù.

Ọmọ Òṣómàáló:
Àbúrò, ẹnu ara rẹ ni o fi dá mi láre. Mo ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bó bá ti ń ga ni ọ̀rá náà yóò máa lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Ifẹ̀:
Kì í ṣe ohun tí mo sọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá ń lọ fúnra rẹ̀, 80 nínú 100 ọ̀dọ́langba kò ní gbé e dé àgbà.

Ọmọ Òṣómàáló:
20 yòókù ńkọ́? Iyán ni wọ́n jẹ.

Ebi Ń Pa Ìlú:
Isu mẹ́ta ti di iye owó tí wọ́n fi ń ra ewúrẹ́, ẹ wà níbí ẹ ń ka ọ̀rá. EBI, Ẹ̀YIN ARÁ MI. EBI.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin:
Kò sí ẹni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ pápá tí mo kọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ máa jẹ iyán yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà Ifẹ̀ (sí Ọmọ Òṣómàáló):
Ẹ̀gbọ́n, n kò fẹ́ kí a bá ara wa jà mọ́. Bí ẹ bá ń kọjá ní Ìbòkun, ẹ yà nílé wa, ìyá mi yóò gún iyán fún yín. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Iléṣà, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà, kí a lè jẹ ẹ́ bí àwọn baba wa ṣe jẹ ẹ́.

Ọmọ Òṣómàáló:
Màá wá. Mọ́tò ni màá gbé. Sọ fún màmá pé kí wọ́n má fi ojú wọn òkèlè mi.

Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́:
Kí ẹ tó lọ, ẹ̀gbọ́n, ẹ yà sí ilé-ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń ru. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọmọ Òṣómàáló:
Nọ́ọ̀sì, ara mi le. Ẹ kú iṣẹ́.